Ère Ọ̀gá Àgbà Ẹlẹ́yín Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ dìde dúró ná. Ẹni tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ kì í gbà kí ẹnikẹ́ni wà ní ìjókòó bí wọ́n bá ń ka oyè rẹ̀, oyè náà sì gùn: Ọ̀gá Àgbà Pátápátá fún Ẹ̀ka Ẹwà Ìlú, Alábòójútó Òdòdó àti Òkúta, Olùdarí Gbogbo Ohun tí Ojú Lè Rí. Ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ lè jókòó báyìí. Kò sí níbí mọ́, ẹ ó sì mọ ohun tó gbé e lọ bí a bá ń bá ọ̀rọ̀ wa bọ̀.

Ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní àjà kẹta. Kápẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ nípọn débi pé bàtà àlejò a máa rì sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àga rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa. Bíríkì kọ̀ọ̀kan ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ àga náà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí orí ọ̀gá lè ga ju orí ẹni tó bá wá kí i lọ. Lára bíríkì kọ̀ọ̀kan, àmì àtàǹpàkò ẹnì kan wà níbẹ̀, tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́ ọn nígbà tí amọ̀ rẹ̀ ṣì tutù. Ọ̀gá kò bi ẹnikẹ́ni pé àtàǹpàkò ta ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kanlẹ̀. Bó bá ń sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì a máa mì dirodiro bíi ti ọmọ tó jókòó sórí àga bàbá rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kì í wo ibẹ̀. Òkè àjà ni wọ́n ń wò.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó kà léèwọ̀ nínú ọ́fíìsì yẹn. Ọ̀rọ̀ náà ni "rárá." Ó ní ó máa ń fọ́ òun lórí. Nítorí náà ló ṣe gba akọ̀wé kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àlejò, kí ó yọ egungun inú rẹ̀ dànù, kí ó sì gbé èyí tó rọ̀ síwájú ọ̀gá. Bẹ́ẹ̀ni-Sà ni gbogbo èèyàn ń pe akọ̀wé náà. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti lò lẹ́nu iṣẹ́, kò sì tíì sọ "rárá" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ìyàwó rẹ̀ bá bi í nílé pé ṣé ó ti jẹun, á ní bẹ́ẹ̀ ni. Bó bá tún bi í pé ṣé ebi ń pa á, á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti sú obìnrin náà pátápátá.

Ẹ jẹ́ kí a fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀ ná, kí a lọ sí abúlé.

Abúlé tí mò ń wí yìí jìnnà sí ọ́fíìsì náà tó ìrìn wákàtí méjì nínú ọkọ̀. Ilé-iṣẹ́ bíríkì kan wà níbẹ̀, tàbí kí n kúkú sọ pé òkú rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Iléru wà, ọ̀pá èéfín wà; èéfín gan-an ni kò sí mọ́. Bíríkì ibẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ìdajì ìlú ńlá nígbà kan. Ní ọdún méjìlá sẹ́yìn, àwọn tó ni ín tú ẹ̀rọ wọn, wọ́n dì í sínú ọkọ̀, wọ́n sì sọ fún òṣìṣẹ́ mẹ́tàdínlógóje pé kí wọ́n máa lọ sílé. Ilé kò jìnnà. Wọ́n lọ sílé, wọ́n jókòó, wọ́n ń wo ọ̀pá èéfín láti ojú fèrèsé.

Ìyá Alámọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ nǹkan tó padà di òkìkí. Ọdún mọ́kànlélógún ló fi po amọ̀, tó fi mọ bíríkì níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ni olórí àwọn tó ń dáná, akoto rẹ̀, ìyẹn fìlà líle tí àwọn òṣìṣẹ́ ń dé, ló sì ní nọ́ńbà kìíní. Nígbà tí ọkùnrin náà kú, ìyá pín aṣọ rẹ̀ fún mọ̀lẹ́bí, ó pín bàtà rẹ̀, ó ku akoto. Ta ni yóò gba akoto? Ta ni ó fẹ́ dé e lọ síbo? Kò sì lè jù ú nù. Ó gbé e lọ sí ilé ìsábíríkì, ilé gbọọrọ tí kò ní ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tí wọ́n ti ń sá bíríkì tútù kí ó tó wọ iná. Ó fi okùn so ó rọ̀ mọ́ igi àjà, ó dojú rẹ̀ kọ òkè bí abọ́, ní ibi gan-an tí ọkọ rẹ̀ máa ń dúró sí láti yan bíríkì tó ti gbẹ tó fún iná. Ó sunkún díẹ̀, ó nu ojú, ó lọ sílé.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, alápàńdẹ̀dẹ̀ méjì ti kọ́lé sínú akoto náà. Kòtò amọ̀ ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ti ń bu amọ̀ wá, díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń tò ó lé ara wọn. Ìyá wò wọ́n títí ọrùn fi ń dùn ún.

"Bàbá, ẹ wá wo nǹkan," ló wí fún Bàbá Onígéètì. "Àwọn wọ̀nyí ṣì ń mọ bíríkì o!"

Bàbá Onígéètì yìí, agogo méje àárọ̀ ló ṣì ń ṣí géètì ilé-iṣẹ́ lójoojúmọ́, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló sì ń tì í, bó tilẹ̀ jẹ́ pé odi ọgbà náà ti wó lápá ẹ̀yìn, tí ewúrẹ́ ń gbabẹ̀ wọlé bó ṣe wù wọ́n. Ó wo ẹyẹ, ó wo ìyá, ó sì sáré lọ gbé akoto tirẹ̀ wá. Lọ́jọ́ kejì ẹlòmíràn gbé tirẹ̀ wá. Kí ọdún tó yí po, akoto mẹ́tàdínlógóje ló ti wà lókè, kálukú ní ojú ibi tí ẹni tó ni ín ti dúró ṣiṣẹ́. Ẹyẹ dé bí òṣìṣẹ́ tó gbọ́ pé wọ́n ti tún ilé-iṣẹ́ ṣí.

Ayọ̀ wọ abúlé náà, mi ò ní purọ́ fún yín. Àwọn àgbàlagbà tí kì í jáde mọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti wá wo ẹyẹ tiwọn. Ẹni tó ni nọ́ńbà méjìdínlọ́gọ́ta àti ẹni tó ni nọ́ńbà mọ́kàndínlọ́gọ́ta, ọ̀rẹ́ ogún ọdún, kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko nítorí pé ẹyẹ kó kúrò nínú akoto èkíní lọ sínú èkejì. "O tàn án ni," ni èkíní ń wí. "O fi ìyẹ́ adìẹ tẹ́ ibẹ̀ fún un, mo rí ẹ." Olùkọ́ kan tó ń kọ́ni ní àwòrán wá láti ọ̀nà jíjìn, ó dúró sáàárín ilé náà, ó sì ní iṣẹ́ ọnà ńlá ni. Ó ní ilé yìí gan-an ló bí i, bí wọ́n bá gbé e kúrò níbẹ̀, akoto lásán ni. Láti ọjọ́ náà ni àlejò ti ń rọ́ wá.

Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, láti ayé iṣẹ́ ló sì ti wà. Bí bíríkì bá ṣì tutù, àkísà pupa ni wọ́n ń so mọ́ ọn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ pàápàá kì í fọwọ́ kàn án. Báyìí, bí ẹyẹ bá ti yé sínú akoto kan, Bàbá Onígéètì á gun àkàbà, á so àkísà pupa mọ́ ọn. Kò sẹ́ni tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí tí ń kọjá àkísà pupa.

Ibi tí nǹkan dé nìyẹn tí lẹ́tà fi dé láti Ẹ̀ka Ẹwà Ìlú. Ó kúrú: "Ilé gbọọrọ yín kò lẹ́wà. A ó wó o."

Ìyá Alámọ̀ kò jẹun lọ́jọ́ náà. Akoto ọkọ rẹ̀ ló ń rò, àti ọmọ ẹyẹ márùn-ún tó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wọ aṣọ tó mọ́ jù, ó wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé mẹ̀kúnnù kì í kọjá ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì yẹn. Ọ̀gá wà ní òpin yàrá lọ́hùn-ún, ó jìnnà bí ẹni pé ó wà ní ìlú kejì, Bẹ́ẹ̀ni-Sà ló sì ń rin àárín wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi," ni ìyá wí, "ẹ bá mi bẹ ọ̀gá kí wọ́n má wó ilé yẹn. Akoto olóògbé ọkọ mi wà níbẹ̀. Ẹyẹ ń bẹ nínú rẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ni-Sà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Nígbà tó gbé ẹsẹ̀ kẹta, ó ti rí i pé "kí wọ́n má wó" kò ní dùn lẹ́nu. Kí ó tó dé ìdajì kápẹ́ẹ̀tì, ó ti yọ ọ́ sọnù.

"Sà, ìyá kan wá láti abúlé bíríkì. Ó ní kí ẹ wá fi ẹsẹ̀ yín tẹ ilé àwọn. Ó ní àwọn ẹyẹ ń retí yín."

"Ẹyẹ? Wọ́n ń retí mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Èmi nìkan?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ẹsẹ̀ ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í mì kíákíá. "Mo mọ̀! Mo ti mọ̀ láti kékeré! Adìẹ kan wò mí lójú nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, kò sì gbójú kúrò! Akọ̀wé, kọ ọ́ sílẹ̀: èmi yóò lọ ṣí ilé náà kí wọ́n tó wó o. Ère mi yóò wà láàárín rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, katakata yóò wọlé, yóò kó gbogbo akoto játijàti yẹn dànù, yóò wó ògbólógbòó ilé náà yí ère mi ká, a ó sì kọ́ tuntun. Akoto tuntun mẹ́tàdínlógóje! Àwòrán ojú mi lára gbogbo wọn!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Bẹ́ẹ̀ni-Sà padà dé ẹnu ọ̀nà. "Ìyá, ọ̀gá ti gbọ́," ló wí, òótọ́ sì ni. Ìyá dúpẹ́ títí ó fi dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni lẹ́tà kejì tó dé, tí ìyá sì ka ọ̀rọ̀ katakata nínú rẹ̀. Ẹ̀rín tó ti ń rín láti ọjọ́ yẹn tán lẹ́nu rẹ̀.

Kò sí ohun tó dùn bíi kí a wo ìjọba tó ń múra de ẹyẹ. Wọ́n yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje sórí ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ ẹyẹ. Ìgbìmọ̀ náà jókòó nígbà mọ́kànlá, wọ́n jẹ bisikíìtì páálí méjìdínlógún, wọ́n sì fẹnu kò pé kí ẹyẹ máa gbé e mọ́ra títí ọ̀gá yóò fi lọ. Wọ́n kọ lẹ́tà: "Sí Olórí Àwọn Ẹyẹ. Ẹ ó fò jáde ní agogo mẹ́wàá géérégé, ẹ ó yí Ọ̀gá Àgbà po lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ ó sì padà sí àyè yín láìsí ariwo." Bàbá Onígéètì ni wọ́n ní kí ó fi jíṣẹ́. Ó gun àkàbà, ó ka lẹ́tà náà fún wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ohùn rara. Nígbà tí wọ́n bi í pé ta ló bọwọ́ lù ú pé òun gbà á, ó na ìwé náà sí wọn. Ẹyẹ kan ti bọwọ́ lù ú fúnra rẹ̀, funfun báláú, ní ọwọ́ ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ni-Sà fi í sínú fáìlì.

Ère ńkọ́? Ọkùnrin kan tó ń fi sìmẹ́ńtì mọ ère ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Ọ̀gá ní kí ó mọ òun bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

"Ẹnu yẹn kéré," ni ọ̀gá wí nígbà tó wá wò ó. Amọère là á sí i. "Ṣé bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn? Là á!" Amọère là á títí àgbàlagbà fi lè ki orí bọ̀ ọ́. "Eyín mélòó ló wà níbẹ̀?"

"Méjìlélọ́gbọ̀n, sà. Bó ṣe wà lẹ́nu gbogbo èèyàn nìyẹn."

"Gbogbo èèyàn!" Inú bí ọ̀gá. "Fi méjì kún un."

Ẹ̀yin náà ẹ fọwọ́ ka eyín yín, kí ẹ wá sọ fún mi ibi tí eléyìí fẹ́ gba wọlé.

Ọ̀gá ní kí wọ́n gbé ère lọ sí ilé ìsábíríkì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ ayẹyẹ, kí ibẹ̀ lè mọ́ ọn lára. Wọ́n gbé e dúró láàárín, wọ́n sì ta aṣọ ńlá yí i ká bí kọ́tìnì kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Ẹ̀gbẹ́ nìkan ni aṣọ náà bò. Òkè ṣí sílẹ̀ gbayawu, ẹyẹ sì rèé, òkè ló ń gbà.

Tọkọtaya alápàńdẹ̀dẹ̀ kan pẹ́ kí wọ́n tó dé lọ́dún yẹn. Gbogbo akoto tó dára ti kún. Wọ́n fò lọ, wọ́n fò bọ̀, wọ́n wo ẹ̀yìn kọ́tìnì, wọ́n sì rí ilé tó fẹ̀, tó jin, tó ní òrùlé, tí eyín mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n sì wà níbẹ̀ tí amọ̀ lè dì mú. Ilé bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Nígbà tí Bàbá Onígéètì rí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lórí àkàbà. Ṣùgbọ́n òfin ni òfin. Ẹyin mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Ó yọ àkísà pupa kan, ó so ó mọ́ ère lọ́rùn.

Ìyá Alámọ̀ tún wọ ọkọ̀. Ó rò pé bí ọ̀gá bá gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ti kan ẹnu ère rẹ̀, bóyá yóò dá katakata dúró.

"Ẹ sọ fún ọ̀gá pé kí wọ́n má wá ṣí aṣọ ère yẹn báyìí o. Ẹyẹ ti kọ́lé sí wọn lẹ́nu! Amọ̀ ti dí i pa!"

Bẹ́ẹ̀ni-Sà rin kápẹ́ẹ̀tì. "Sà, ó ní ọ̀rọ̀ ẹnu yín wọ àwọn ẹyẹ lára. Ó ní wọn kò fẹ́ kúrò níbẹ̀ mọ́."

Omi bọ́ lójú ọ̀gá. Níbẹ̀ ni ó ti tẹ̀ sórí tábìlì, ó sì kọ òfin kan, nítorí ó ti gbọ́ pé Olùbẹ̀wò Àgbà láti olú iléeṣẹ́ ń bọ̀ wá síbi ayẹyẹ, àti pé obìnrin náà fẹ́ràn ẹyẹ bí ojú. Òfin náà rèé: "Ẹnikẹ́ni tó bá fi ọwọ́, ẹsẹ̀, igi tàbí irin kan ilé ẹyẹ nínú ilé yìí, ì báà jẹ́ ọmọdé, ì báà jẹ́ àgbà, ì báà jẹ́ èmi alára tí mo ga jù, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kò sí ẹ̀bẹ̀." Ó kà á níwájú dígí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. "Èmi alára tí mo ga jù" yẹn ló dùn mọ́ ọn jù. Ní ti Bẹ́ẹ̀ni-Sà, ó rí i lójú ẹsẹ̀ pé òfin yìí àti katakata kò lè wọ inú ilé kan náà. Ó la ẹnu. Ó rántí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Ọjọ́ pé. Agogo mẹ́wàá ni wọ́n pe àwọn èèyàn, ọ̀gá sì dé ní agogo méjìlá pẹ̀lú fèrè ọkọ̀ àti ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀. Àwọn ẹyẹ, tí wọ́n ti ń fò láti òwúrọ̀, kò yí i po. Kòkòrò ni wọ́n ń wá kiri. Olùbẹ̀wò Àgbà ti wà níbẹ̀ láti agogo mẹ́sàn-án, obìnrin kúkúrú kan tó rọra ń sọ̀rọ̀, tó gbé awò tí ń fa ohun tó jìnnà sún mọ́ ojú kọ́ ọrùn. Katakata wà lẹ́yìn ọgbà, ó ń kùn. Ìyá Alámọ̀ dúró lábẹ́ nọ́ńbà kìíní.

"Ẹ̀yin èèyàn mi!" Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀. "Ẹ̀yin ẹyẹ mi! Ẹ̀yin bíríkì mi! Kí ni ẹyẹ ìbá jẹ́ bí kò bá sí èmi? Ìbá kàn máa fò kiri lásán ni! Àwọn tó wà ṣáájú mi fún yín níṣẹ́, wọ́n sì gbà á padà lọ́wọ́ yín. Ìwà ìkà gbáà! Èmi kò ní fún yín níṣẹ́ kankan, kí ẹnikẹ́ni má baà lè gbà á lọ́wọ́ yín láéláé!"

Ìgbìmọ̀ ìgbẹ́ ẹyẹ pàtẹ́wọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́tàdínlógóje, tàbí iye tó kù láyé nínú wọn, ń wo ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà gba wákàtí kan àti ààbọ̀. Ní òpin rẹ̀ ó ka òfin rẹ̀ síta, ó sì fa "èmi alára tí mo ga jù" bí orin.

"Òfin yìí dára púpọ̀," ni Olùbẹ̀wò Àgbà wí. "Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Láti ìṣẹ́jú yìí, mà! Mo ti bọwọ́ lù ú!" Ó di okùn kọ́tìnì mú.

"Ọ̀gá, ẹ rọra o!" Ìyá Alámọ̀ kígbe láti ẹ̀yìn. "Àkísà pupa wà lọ́rùn rẹ̀!"

"Kí ló wí?" ni ọ̀gá bi akọ̀wé, nítorí kì í fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ mẹ̀kúnnù.

"Ó ní wọ́n ti so oyè mọ́ yín lọ́rùn, sà."

Ọ̀gá fa okùn.

Ère náà dúró níbẹ̀, apá nínà, àyà yíyọ, ẹnu rẹ̀ sì kún dẹ́múdẹ́mú fún amọ̀ pupa bí ẹni tó bu òkèlè tó ju ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lọ. Láàárín amọ̀ náà, ọmọ ẹyẹ mẹ́rin yọ orí, wọ́n la ẹnu, wọ́n ń ké fún oúnjẹ. Bàbá Onígéètì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tó ti ń fi pamọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni. Ó di igi mú kó má baà ṣubú. Nọ́ńbà méjìdínlọ́gọ́ta gbà á, nọ́ńbà mọ́kàndínlọ́gọ́ta fi tirẹ̀ lé e. Ìyá ẹyẹ já wọlé pẹ̀lú kòkòrò lẹ́nu, ó gba orí ọ̀gá kọjá, ó sì bọwọ́ lu fìlà rẹ̀ bó ti ń lọ.

"Ta ló dí mi lẹ́nu?" Ọ̀gá ké. "Mo ní ta ló dí mi lẹ́nu!" Ó yọ ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀, ó sì fi gún amọ̀ náà. Ègé kan já bọ́ sílẹ̀. Ilé ẹyẹ yẹ̀.

"Yéè!" Ìyá Alámọ̀ kò mọ bí òun ṣe dé iwájú. Ó kàn bá ara rẹ̀ níbẹ̀ ni, ọwọ́ méjèèjì lábẹ́ ẹnu ère, ó gbé amọ̀ tó kù dúró. Ọmọ ẹyẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà nínú rẹ̀.

Olùbẹ̀wò Àgbà sọ awò rẹ̀ kalẹ̀. "Ọ̀gá, ṣé ọ̀pá yín ló kan ilé ẹyẹ yẹn ni?"

"Èmi kọ́, mà! Atẹ́gùn ni! Ẹ bi akọ̀wé mi. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti wà lọ́dọ̀ mi, kò sì ja ọ̀rọ̀ mi níyàn rí. Akọ̀wé! Wí fún wọn! Ṣé mo fi ọ̀pá kan ilé ẹyẹ?"

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ kan péré ni ọ̀gá ń fẹ́. Ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ọmọ ọdún méjì mọ̀ ọ́n sọ, á sì máa sọ ọ́ láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ni-Sà fẹ́ sọ ọ́, Ọlọ́run gbọ́. Ó la ẹnu, ó ní "Rrr." Òógùn bò ó. Ó tún ní "Rrr." Ahọ́n rẹ̀ wá ọ̀rọ̀ náà ní gbogbo ibi tó yẹ kó wà, kò bá a.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ló wí.

"Kí lo wí? Èmi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣé o fẹ́ bà mí jẹ́ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Bẹ́ẹ̀ni-Sà wí, ó sì bú sẹ́kún.

Olùbẹ̀wò Àgbà kò bínú. Ó kàn ní kí ọ̀gá jọ̀wọ́ tún òfin rẹ̀ kà. Ọ̀gá kà á. Nígbà tó dé "èmi alára," ohùn rẹ̀ kò dún bí orin mọ́. "Ẹ ṣeun," ni obìnrin náà wí. "Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì sílẹ̀ fún akọ̀wé yín. Kí ni ń kùn lẹ́yìn ọgbà yẹn?"

Awakọ̀ katakata ló dá a lóhùn. Ó ti wọlé tipẹ́, ó dúró lábẹ́ akoto kan, ó ń wo òkè. "Wọ́n ní kí n wó ibí lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọ̀gá ni, mà. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ni nọ́ńbà méjìlélógójì yìí. Ibí ni mo dúró sí fún ọdún mẹ́jọ. Àkísà pupa sì wà lára rẹ̀, mà. Mi ò lè kọjá àkísà pupa."

Olùbẹ̀wò ka àkísà pupa tó wà lókè. Wọ́n jẹ́ mọ́kànlélọ́gọ́ta. "Òfin ti bẹ̀rẹ̀," ló wí. "Lọ pa ẹ̀rọ yẹn."

Nígbà tí kíkùn náà dákẹ́, Ìyá Alámọ̀ ṣì di ilé ẹyẹ mú. Ó ní kí wọ́n bu amọ̀ wá láti inú kòtò, ó pò ó pẹ̀lú omi, ó rọ́ ọ láàárín àtẹ́lẹwọ́, ó sì fi dí ibi tó já, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ kí ó dì. Ọdún méjìlá ni kò ti fọwọ́ kan amọ̀ iṣẹ́. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, kò sì bìkítà ẹni tó ń wo òun. Ìyá ẹyẹ dúró sí etí nọ́ńbà kìíní, ó ń wò ó. Nígbà tí ọwọ́ kúrò níbẹ̀, ó fò lọ bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀.

Ẹni tó gba ọ́fíìsì náà lẹ́yìn ọ̀gá ga díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀, kò mọ ohun tí bíríkì ń ṣe lábẹ́ àga. Ó ní kí wọ́n dá wọn padà síbi tí wọ́n ti wá. Ìyá Alámọ̀ yí wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé àtàǹpàkò rẹ̀ lé àmì tó wà lára wọn, ó sì ṣe rẹ́gí. Ó tò wọ́n síwájú ère, kí ẹni tó bá kúrú lè gorí wọn yọjú wo ẹyẹ.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọkùnrin kan dé géètì láìsí fèrè, láìsí ọ̀pá, aṣọ rẹ̀ bíi ti gbogbo èèyàn. Bàbá Onígéètì mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó ní kí ó tò sẹ́yìn àwọn tó bá níbẹ̀. Ó tò. Nígbà tó kàn án, ó gorí bíríkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó yọjú wo inú ẹnu ara rẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Èèyàn pọ̀ nínú ilé lọ́jọ́ náà. Ó bojú wẹ̀yìn wò wọ́n, ó tún ọrùn aṣọ rẹ̀ ṣe.

"Ìyá," ló wí, "ṣé mo lè bá wọn sọ̀rọ̀ díẹ̀? Ìṣẹ́jú méjì péré."

Ìyá Alámọ̀ wo àkísà pupa tuntun tó wà lọ́rùn ère.

"Rárá, ọmọ mi," ló wí. "Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yé ni."

Ọkùnrin náà dúró bí ẹni pé orí fẹ́ fọ́ ọ. Orí kò fọ́ ọ. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé, ó rọra sọ̀ kalẹ̀ lórí bíríkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì kanlẹ̀.